Ọ̀kan nínú wa kò gbà pé a ní DID, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún tó kọjá ni dókítà sọ fún mi pé dissociative identity disorder (DID) ni mo ní, ìyẹn àìsàn tó máa ń mú kí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà nínú ara ènìyàn kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní multiple personality disorder kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1994. Ọkàn mi balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn alter wa (àwọn ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó wà nínú mi), èyí tó ń bójú tó iṣẹ́ àti owó, kọ̀ jálẹ̀. A ní ìwé kan tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Lánàá mo rí i pé ó fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà: "Irọ́ ni!" Ó sì ya ojú ewé tí ọmọdé inú wa yàwòrán sí. Ọmọ náà kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

N kò bínú sí i. Ẹ̀rù ló ń bà á: bó bá gbà pé a pọ̀, á ní láti gbà pé ohun tójú wa rí ní kékeré ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la èyí kọjá, kí ni ẹ sọ fún tiyín? Báwo ni mo sì ṣe lè rẹ ọmọ náà lẹ́kún?