Ṣé ká wọ ihò àpáta tọ síìlì lọ ní Pembrokeshire?

Àkànní: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òmùwẹ̀ abẹ́ òkun. Àwọn tá a jọ ń kọ́ ìwẹ̀ fẹ́ lọ sí Pembrokeshire, ní Wales, lóṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní síìlì aláwọ̀ eérú, ẹranko òkun tó ń fún ọmọ lọ́mú, pọ̀ nínú ihò àpáta etíkun ibẹ̀, a ó sì tan tọ́ọ̀ṣì wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Ọkàn mi ń fà sí i, ṣùgbọ́n ó tún ń kọ mí lóminú. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Adùnní: Àbúrò mi, má wọ ihò yẹn. Àsìkò tí wọ́n ń bímọ níbẹ̀ gan-an nìyẹn, inú ihò sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń bí sí. Ọmọ tuntun kò ju bíi kílò 14 lọ, irun funfun ara rẹ̀ kò sì lè dènà omi. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi ń mu ọmú. Ọ̀rá pọ̀ nínú wàrà ìyá rẹ̀ débi pé ìwọ̀n rẹ̀ á ti di bí ìlọ́po mẹ́ta kó tó já lẹ́nu ọmú. Bí ìyá bá rí iná yín tó sá wọ òkun, ta ni yóò fún un lọ́mú? Ìgbì lè gbé e lọ. Ihò mìíràn kò ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. Bẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ti há wọn mọ́, akọ wọn sì lè tó kílò 300. Bí omi bá ru, ẹ̀yin náà lè má ríbi jáde.

Erékùṣù Farne, ní England, lèmi ń lọ, láti èbúté Seahouses. Oṣù kẹwàá sí kejìlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń bímọ níbẹ̀, torí náà oṣù keje tàbí ìkẹjọ ni mo máa ń wọ omi. N kì í lé wọn. Mo máa ń dúró jẹ́ẹ́ láàárín koríko òkun. Àwọn kékeré á yọ́ wá láti ẹ̀yìn, wọ́n á rọra bu bàtà ìwẹ̀ mi jẹ. Bí mo bá yíjú, wọ́n á fò lọ. Wọ́n á tún padà wá, títí ọ̀kan á fi gbé irun ẹnu rẹ̀ lé gíláàsì ojú mi. Òun ló fẹ́ rí mi, ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Tọ́pẹ́: Ẹ má na ọwọ́ sí wọn o. Bí síìlì bá géèyàn jẹ, ìka lè wú, kó sì máa dunni gidigidi. Ẹ sọ fún dókítà pé síìlì ni, torí oògùn penicillin kì í sábà ràn án; oògùn tetracycline ni wọ́n ń lò.

Àkànní: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Màá bá wọn sọ ọ́, Farne ni màá ní ká lọ. Ṣé omi ibẹ̀ tutù púpọ̀?

Ìyá Adùnní: Ó tutù, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Wọ aṣọ ìwẹ̀ tí omi kì í wọ̀, má sì gbàgbé ìbọ̀wọ́.