Django mi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, àmọ́ dátà ń pòórá lórí cloud, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Django (irinṣẹ́ Python tá a fi ń kọ sáìtì) dáadáa, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i. Sáìtì tí mo kọ ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà nílé, bí mo ṣe gbé e lọ sórí cloud (sáfà orí íńtánẹ́ẹ̀tì) báyìí ló yarí. Àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ ṣí rárá, ìgbà tó yá ni mo rí i pé 127.0.0.1:8000 (àdírẹ́sì tí ará ìta ò lè dé) ló ń gbọ́ sí, mo wá fi gunicorn (sáfà tó ń gbé kóòdù Python ṣiṣẹ́) gbé e sórí 0.0.0.0:$PORT kí ará ìta lè rí i, ìyẹn yanjú. Mo yí DEBUG (ètò tó ń fi àlàyé àṣìṣe hàn ẹni tó ń kọ kóòdù) sí False, CSS tó ń ṣe ojú ewé lọ́ṣọ̀ọ́ bá tún sá lọ, ojú ewé wá rí ṣákálá 😂, collectstatic (àṣẹ tó ń kó àwọn fáìlì bíi CSS jọ) àti WhiteNoise (tó ń gbé wọn jáde) ló bá mi tún un ṣe.

Èyí tí ò jẹ́ n sùn ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé kóòdù tuntun lọ, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ á dàwátì, fọ́tò tí wọ́n fi síbẹ̀ náà á lọ. SQLite (dátàbéèsì tó wà nínú fáìlì kan ṣoṣo) ni mo ń lò, inú fódà kan náà pẹ̀lú kóòdù ló wà. Ṣé torí pé díìsìkì ibẹ̀ kì í tọ́jú nǹkan ni? Ṣé kí n kó lọ sí PostgreSQL (dátàbéèsì tó ní sáfà tiẹ̀) ni, àbí kí n so díìsìkì mìíì mọ́ ọn? Tó bá jẹ́ PostgreSQL, ṣé dumpdata àti loaddata (àṣẹ Django tó ń kó dátà jáde àti èyí tó ń kó o wọlé) tó? Fọ́tò ńkọ́, ibo lẹ ń kó tiyín sí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ka docs o, mo ti kà á tí ojú ń ro mí.