Ọ̀dà dúdú ara Lee-Enfield mi: ṣé ti ilé iṣẹ́ ni, àbí ẹnì kan ló kùn ún?

Àjàgbé_Maryland:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ra ìbọn Lee-Enfield No. 4 kan, irú èyí tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà ogun, ní Pennsylvania. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn sójà tí wọ́n kó lọ jagun ní Bóómà, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi fà sí i. Irin rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ti ń bó létí létí. Ibi tó bá ti bó, àwọ̀ eérú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Níbi tí igi ìdí ti wọ inú irin, wọ́n tẹ M47C àti 1943 sí i. Lápá òsì, wọ́n fín No 4 Mk 1/2 (F) FTR. ENGLAND tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní kí òun bó ọ̀dà náà dànù, kí òun dán an, kí òun sì fi oògùn sọ ọ́ di búlúù (àwọ̀ dúdú tó ń dán bíi búlúù tí oògùn máa ń fún irin ìbọn), pé bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Ṣé kí n gbà fún un? Kí sì ni àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ń sọ?

Àgbà_Houston:
Àbúrò, má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ àtúnṣe ìbọn ni mo ń ṣe níbí, Lee-Enfield ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ọ̀dà yẹn, ilé iṣẹ́ ìjọba ló kùn ún.

M47C ni BSA, ìyẹn Birmingham Small Arms, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn ní England, ẹ̀ka wọn tó wà ní Shirley. M ni agbègbè Midlands, 47 ni nọ́ńbà BSA, C ni Shirley. Lásìkò ogun, wọn ò kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sára ìbọn mọ́, kí ọ̀tá má bàa fi mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré: ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, bọ́ǹbù Jámánì já lu ilé iṣẹ́ BSA ní Small Heath, òṣìṣẹ́ 53 ló kú.

FTR, Factory Thorough Repair ni. Wọ́n tú ìbọn náà palẹ̀, wọ́n wọn gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó ti jẹ. F yẹn ni Fazakerley, ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba tó wà ní Liverpool. Mk ni Mark, ìyẹn irú ìbọn tó jẹ́. Mk 1/2 fi hàn pé Mk I ni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá so tírígà rẹ̀ mọ́ ara ìbọn fúnra rẹ̀ bíi ti Mk 2 tó jáde lọ́dún 1949. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rì í sínú oògùn fosfeeti, òun lo rí tó dà bí eérú, wọ́n kun ọ̀dà Suncorite lé e, wọ́n sì fi iná yan án kó lè le. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá bó o, kò ní bá búlúù kankan lábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ tó ní lọ́dún 1943 ti lọ, àwọn tó ni ín ló sì mú un lọ.

Tú igi tó bo ọ̀pá lókè. Ẹni tó fi agolo ọ̀dà fọ́n ìbọn nílé, ibi tójú ń rí ló sábà máa ń fọ́n. Ti Fazakerley dé abẹ́ igi. Lẹ́yìn náà, fi èékánná wo etí àwọn òǹtẹ̀. Tí wọn ò bá tíì dán irin náà, etí lẹ́tà á mú ṣáṣá. Tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ dán an, lẹ́tà á kú, ẹnu ihò síkúrúù á sì tẹ̀ wọnú. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i, torí òǹtẹ̀ tó ti parẹ́ kò ṣeé dá padà.

Adúnní_Leeds:
Òótọ́ ni bọ̀dá sọ. ENGLAND yẹn kì í ṣe òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe ìbọn o. Òfin Amẹ́ríkà ló ní kí ọjà tó ń wọlé gbé orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá, torí náà ìgbà tí wọ́n ń tà á síta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọ̀pá dáadáa, bóyá ẹ óò rí adé tó ní BNP lábẹ́ àti 18.5 TONS. Òǹtẹ̀ ilé ìdánwò Birmingham nìyẹn, wọ́n máa ń dán ìbọn wò kó tó di ti aráàlú.

Àjàgbé_Maryland:
Mo ti tú igi náà, ọ̀dà dé abẹ́ rẹ̀ láìdá ibì kan sí. Adé àti BNP wà níbẹ̀. Àmọ́ mo rí S kan tí igun rẹ̀ ṣe gún-ún-gún lára irin ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń fojú sun ohun tí wọ́n fẹ́ yin. Àbí wọ́n ti da ìbọn méjì pọ̀ fún mi ni?

Àgbà_Houston:
Ilé iṣẹ́ Savage nìyẹn, ní Chicopee Falls ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe No. 4 fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun, US PROPERTY ló sì wà lára tiwọn. Ní Fazakerley, ẹ̀yà ara tó bá ti wọn dáadáa ni wọ́n máa ń lò, láìwo ilé iṣẹ́ tó ti wá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, má pààrọ̀ rẹ̀.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn ọwọ́ bolt (irin tó ń ti ọta wọlé, tó sì ń sé ẹ̀yìn ọ̀pá pa) ni kí o wò: ó gbọ́dọ̀ bá ti ìdí ìbọn mu. Bí kò bá bá a mu, má yin ín títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi wọn àlàfo iwájú bolt. Wọ́n ṣe orí bolt rẹ̀ ní ìwọ̀n 0 dé 3 nítorí ìyẹn. Ní ti ọ̀dà tó ń bó, epo díẹ̀ lára aṣọ tó rọ̀ ti tó, kí ibi tó ṣí má dógùn-ún. Sánpépà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.