dnsmasq kọ̀, kò gbéra lórí Ubuntu: ta ló gba port 53?

Alákòóso:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà Ubuntu kan máa pín àdírẹ́sì IP fún àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kékeré kan, kó sì máa dá wọn lóhùn ní ti DNS, ìyẹn wíwá àdírẹ́sì IP tí orúkọ ìkànnì kan ń jẹ́. Dnsmasq ni mo yàn torí pé ó lè dá ṣe méjèèjì, kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kó gbéra báyìí, ó ti kú nìyẹn. Ohun tí systemctl status fi hàn mí ni:

`failed to create listening socket for port 53: Address already in use`

Mo ti fi `dnsmasq --test` yẹ fáìlì rẹ̀ wò, kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Mi ò sì fi sáfà DNS mìíràn sórí ẹ̀rọ yìí. Ta ló wá gba port yẹn, ẹnu ọ̀nà tí DNS ń gbà, mọ́ mi lọ́wọ́?

Wáyà:
systemd-resolved ni, èyí tó ń bá Ubuntu fúnra rẹ̀ wá ìdáhùn DNS. Ẹ pa á: `sudo systemctl disable --now systemd-resolved`. Ó tán.

Àgbà_Sáfà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ẹni tó jókòó síbẹ̀:

`sudo ss -lntup | grep ':53 '`

Òótọ́ ni Wáyà sọ, systemd-resolved lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdírẹ́sì tó wà: 127.0.0.53, lórí `lo` nìkan, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò fọwọ́ kan káàdì nẹ́tíwọ̀kì yín rárá. Dnsmasq ló fẹ́ gba púpọ̀ jù. Bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, 0.0.0.0 ló máa ń bèèrè, ìyẹn gbogbo àdírẹ́sì tó wà lórí ẹ̀rọ, kódà bí a bá ti kọ `interface=`, tó ń dárúkọ káàdì kan, sí fáìlì rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ háyà odidi ilé nígbà tí ayálégbé kan ṣì wà ní yàrá kan. Kernel, ọkàn ètò ẹ̀rọ náà, ò ní gbà.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún ènìyàn ni pé kó pa resolved. Lórí Ubuntu, ìtọ́kasí lásán ni /etc/resolv.conf, ó ń tọ́ka sí /run/systemd/resolve/stub-resolv.conf, 127.0.0.53 ló sì wà nínú ìyẹn. Ẹ pa resolved tán, kò sẹ́ni tí yóò dáhùn níbẹ̀ mọ́. Ping sí nọ́ńbà bíi 8.8.8.8 á lọ, ṣùgbọ́n apt, tó ń gba sọ́fítíwia wá, ò ní mọ orúkọ ibi kankan. Ènìyàn á wá máa rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́.

Ẹ kọ èyí sínú /etc/dnsmasq.conf (`ip -br a` á sọ orúkọ káàdì tiyín):

`interface=enp3s0`
`bind-interfaces`

Kí ẹ wá tún un gbé dìde, kí ẹ sì ka `journalctl -u dnsmasq -b`. Ìlà díẹ̀ tí systemctl status ń fi hàn kì í fìgbà gbogbo sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Alákòóso:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó gbéra! Àmọ́ nígbà tí mo tún ẹ̀rọ tàn, ó tún ti kú. Ohun tó sọ báyìí ni `unknown interface enp3s0`. Bí mo bá sì fọwọ́ ara mi gbé e dìde, ó ń ṣiṣẹ́. Báwo ni káàdì tó wà níbẹ̀ ṣe máa jẹ́ àjèjì sí i?

Àgbà_Sáfà:
Ó yá ju káàdì lọ ni. Nígbà tó gbéra, enp3s0 ò tíì ní àdírẹ́sì IP, àdírẹ́sì ló sì fi ń mọ káàdì. Ẹ yọ `bind-interfaces`, kí ẹ fi `bind-dynamic` rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn kì í kú bí káàdì ò bá tíì ṣe tán. Ìgbà tí àdírẹ́sì bá yọ ni yóò dì í mú. Ẹ má fi méjèèjì síbẹ̀ pọ̀ o.

Wáyà:
Bí ẹnikẹ́ni bá sì nílò port 53 lórí gbogbo àdírẹ́sì lóòótọ́, `DNSStubListener=no` nínú /etc/systemd/resolved.conf ti tó. Kó wá yí /etc/resolv.conf sí /run/systemd/resolve/resolv.conf. Resolved á ṣì wà láàyè.

Alákòóso:
bind-dynamic ló ṣe é. Mo tún ẹ̀rọ tàn, dnsmasq dìde fúnra rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ yòókù sì ti ń gba àdírẹ́sì. Resolved ṣì wà lórí 127.0.0.53 tirẹ̀.