Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò fẹ́ kórìíra ará yìí àmọ́ ó ti sú mi

Oníbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bóyá obìnrin lè wàásù ló dá wàhálà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ò rí ohun tó burú ńbẹ̀, arákùnrin kan tá a ti jọ ń kọ́ni ní Bíbélì tipẹ́ ló ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Látìgbà yẹn kì í kí mi dáadáa mọ́, tí mo bá gbàdúrà kì í ṣe àmín, ìyàwó ẹ̀ náà ò jẹ́ kí n máa rí sítátọ́ọ̀sì ẹ̀ mọ́, èmi tí mo bá wọn sùn ní ọsibítù nígbà tára ọmọ wọn ò yá! Pásítọ̀ kàn ń wàásù ìfẹ́ ará ṣáá. Ṣé kí n kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Orí ìdámẹ́wàá lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jà ní tiwa, a ò bára wa sọ̀rọ̀ títí ìyá ẹ̀ fi kú, ibi ìsìnkú ni mo ti lọ dì mọ́ ọn. A ò tíì gbà fún ara wa lórí ìdámẹ́wàá o, àmọ́ à ń pera wa. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kí i.

Òtítọ́ Korò: 1 Tímótì 2:12, Pọ́ọ̀lù ò gbà kí obìnrin máa kọ́ni. Arákùnrin yẹn ò jẹ̀bi.

Ọmọ Àlùfáà: Ẹ lọ ka Ìṣe 18:26 náà. Obìnrin ni Pírísílà, ó sì wà lára àwọn tó la ọ̀rọ̀ yé Àpólò oníwàásù.

Òtítọ́ Korò: Wọ́n mú un sọ́dọ̀ ni, ṣé ibẹ̀ ni pẹpẹ?

Adimín: Ẹ̀yin méjèèjì, ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi wá.

Baba Kékeré: Wesley àti Whitefield, àwọn oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì láyé àtijọ́, bára wọn fà á gan-an lórí bóyá Ọlọ́run ti yan àwọn tó máa là sílẹ̀, wọ́n tiẹ̀ kọ̀wé ta kora wọn. Síbẹ̀ nígbà tí Whitefield kú ní 1770, Wesley ló wàásù ìrántí ẹ̀ ní London. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà pínyà nítorí Máàkù, Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló tún wá ní kí wọ́n mú Máàkù wá fóun, ó wà ní 2 Tímótì 4:11. Tó o bá kúrò, ìyẹn nìkan ò sọ ẹ́ di ọ̀tá ẹ̀. Àmọ́ ṣó o ti lọ bá a, ẹ̀yin méjì péré, bí Mátíù 18:15 ṣe wí?

Oníbéèrè: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Baba, òun ló yẹ kó wá bá mi. Ẹnu ara ẹ̀ ló sì fi sọ ọ́, ó fi fóìsì ránṣẹ́ sí mi pé ọkàn òun ò balẹ̀ sí àwọn alàgbà, mo kàn jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ni, wọ́n ní kó dáwọ́ ìkọ́ni dúró ná. Mi ò purọ́ mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì: Háà! O ò sì sọ èyí látòkè.

Ọmọ Àlùfáà: Èmi tí mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ obìnrin o, èyí ò dáa. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwàásù mọ́.

Òtítọ́ Korò: Mo sọ bí?

Baba Kékeré: Òtítọ́, jọ̀ọ́ sinmi. Oníbéèrè, kò sẹ́ni tó ní kó o yí èrò rẹ padà. Lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí fóìsì yẹn nìkan, kó o wá lọ sọ fáwọn alàgbà pé ìwọ nìkan ló fi í ránṣẹ́ sí.

Oníbéèrè: Ṣé tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ irú ẹ̀ fún un, òun ò ní fi han àwọn alàgbà?

Baba Kékeré: Ṣó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ rí?

Oníbéèrè: Rárá o. Àmọ́ tìyàwó ẹ̀ ńkọ́, tí kò jẹ́ kí n rí sítátọ́ọ̀sì?