Òfuurufú ti tó: kí la fẹ́ fi "àìsíǹkan" ṣe?

Àbúrò mi ará Ọ̀ffà, mo rí àbá rẹ pé ká máa pe ibi tí sátẹ́láìtì ń rìn ní "àìsíǹkan", torí pé òfuurufú, lójú tìrẹ, kò kọjá ibi tí ẹyẹ ń fò. Mi ò gbà.

Ṣé àwọn baba wa kò wí pé "òfuurufú kò ṣeé fẹ̀yìn tì" ni? Bàbá àgbà tó tọ́ mi ní Òmù-Àrán kì í fi òwe yẹn ṣeré. Ẹni tó bá gbójú lé ìlérí ẹlẹ́nu dídùn ló máa ń pa á fún. Ibi tí ẹ̀yìn ò ti lè bá nǹkan kan ni òwe ń wí. Ẹyẹ dà níbẹ̀? Nínú Jẹ́nẹ́sísì tí Àjàyí Crowther túmọ̀, òfurufú náà ni a fi oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ sí.

"Àì-" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Àìsùn, àìríjẹ, àìlówó: èwo nínú wọn lèèyàn lè dúró sí? Ìṣe tí kò wáyé ni wọ́n, wọn kì í ṣe ibi. "Wọ́n yin NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà, sí àìsíǹkan lọ́dún 2003." Létí mi, bí ẹni pé wọ́n yìn ín dànù ni. Bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi kìlómítà 686 ló fi ga sílẹ̀ nígbà tó ń ya àwòrán ilẹ̀ wa.

O tún ní òfo ló bí òfuurufú. Wo ṣófo, wo òfìfo: "o" ìparí kò kúrò níbẹ̀. Ibo ló gbà lọ nínú òfuurufú? Bó bá jẹ́ "òf-" ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ọmọ ìyá, a jẹ́ pé òfin àti òfófó náà ti òfo wá nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní ká lo òfìfo tàbí àlàfo dípò òfuurufú, ìyẹn náà ò bá a mu: òfìfo ni ti igbá, ti ilé, ti ọwọ́, ohun tó yẹ kí nǹkan wà nínú rẹ̀. Àlàfo ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nǹkan lọ́tùn-ún, kó ní lósì.

Ẹni tó ní sánmà kì í ṣe Yorùbá, kó wá sọ ọ́ ní Ìlọrin létí àwọn àáfà. Èdè Lárúbáwá ló ti wá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lẹ́nu wa ju ohun tí à ń lé jáde lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ fi Bíbélì ṣe ẹ̀rí pé "u" kan ló yẹ ká kọ. Ẹ má bínú, sà, mi ò ní yọ ọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ni mò ń kọ ọ́: òfuurufú.