Àbọ̀ rèé: ọmọ mi rí sọ́kọ́láṣíìpù náà

Mo béèrè níjọ́sí bí ọmọ mi, ọmọ ọdún 15, ṣe máa kọ lẹ́tà sọ́kọ́láṣíìpù fún kíláàsì ìgbà ooru àwọn American Numismatic Association (ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó ẹyọ jọ ní Amẹ́ríkà) ní Colorado Springs. Wọ́n ti mú un!

Ìmọ̀ràn yín pé kó má to gbogbo owó ẹyọ rẹ̀ sílẹ̀, kó mú ẹyọ kan sọ̀rọ̀, ló ṣiṣẹ́. Kọ́bọ̀ (pẹ́nì) oníhò ọdún 1959 tí màmá mi fún un ló mú: ó kọ bí wọ́n ṣe lè fi okùn sín in, àti ìdí tí òun ò fi fọ ìpẹtà etí ihò náà (èmi ti gbé ọṣẹ o).

Lẹ́tà tí olùkọ́ rẹ̀ fi máa jẹ́rìí rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó ẹyọ jọ ládùúgbò wa ló bá wa kọ òmíràn. Owó bàálù ò sí nínú ẹ̀bùn náà, a ṣì ń wá a. Ẹ ṣé gan-an.